Yàrá Kẹrìnlá

Àkàbà onígi ni mo gùn dé orí ilé,
àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ti kán, wọ́n fi okùn so ó.
Láti ibẹ̀ mo rí páànù Tákìé tó ti dógùn-ún,
mo rí igi káṣú lẹ́yìn ọgbà,
eruku ọyẹ́ sì bo gbogbo rẹ̀ bí ẹlùbọ́.
Bàbá Láníhun, tó ń ṣọ́ ilé, ló di ẹsẹ̀ àkàbà mú.
"Ọmọ mi," ó ní, "kí lo sọ nù sínú táǹkì?"

Mo ṣí ìdérí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Omi náà mọ́ gaara. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.
Nísàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ jókòó sí, pẹ̀lẹ́, bí àlejò tí kò fẹ́ lọ mọ́,
alángbá kan sì ti kú síbẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́.
Mo ti ìwọ̀n ìgbóná bọ̀ ọ́: mẹ́tàdínlógójì.
Ara ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀
kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa sọ pé
omi tútù kò gbọ́dọ̀ kọjá ogún.
Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì gbé Ògbómọ̀ṣọ́ rí.
Níbí, nínú ọyẹ́, kí àkùkọ tó kọ,
omi ìkòkò ìyá mi pàápàá jẹ́ mẹ́rìnlélógún.
Ohun tó kù tí a lè ṣe ni pé
kí omi má jókòó.

Kò sẹ́ni tó sùn ní yàrá kẹrìnlá láti Iléyá.
Mo ṣí ṣáwà: ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó pọ omi aláwọ̀ tíì, ó dákẹ́, ó wá ń fọ́n.
Mo ti bo imú kí n tó fọwọ́ kàn án,
nítorí kòkòrò tí mò ń wá kì í gba ẹnu wọlé.
O lè mu omi yìí kí inú má run ọ́.
Ìrì wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni, tó ń fò nígbà tí o bá ń wẹ̀,
tí o ń kọrin, tí o la ẹnu sílẹ̀,
èyí tí o rò pé afẹ́fẹ́ ni.

Olóyè Òjéwùmí dé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.
"Kànga ẹ̀rọ mi jìn ní ọgọ́rin mítà.
Omi ta ló dà bíi tèmi ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Àfọ́n?"
Mi ò bá a jà. Omi rẹ̀ dára nígbà tó kúrò nílẹ̀.
Ọ̀nà ló bà á jẹ́: páìpù tó ń lọ sí ilé ìdáná àtijọ́
tí wọ́n ti wó, tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pa,
tí kò lọ síbì kankan mọ́,
tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ lókùnkùn, tó ń retí ẹni.
Àwọn àgbà ní omi tí èèyàn ó mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀.
Wọn ò sọ fún wa nípa èyí tí kò ṣàn rárá.

Àbúrò bàbá mi, Àlàmú, lọ sípàdé olùkọ́ ní Ìlọrin,
ó sun hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé ikọ́ bọ̀ wálé.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án
a ti ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ sàréè.
Wọ́n ní òtútù àyà ni. Wọ́n ní ayé ni.
Kò sẹ́ni tó béèrè irú omi tó fi wẹ̀.
Èmi náà ò mọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ omi.
Mo kàn ń béèrè ni, láti ìgbà náà.

Olóyè ní, "Kọ ọ́ pé ó dára, mo ní àlejò ìgbéyàwó ní Sátidé."
Mo kọ ọ́ pé: Ẹ fọ táǹkì. Ẹ gé páìpù tó kú.
Ẹ gbé iná ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná dé ọgọ́ta.
Yàrá kẹrìnlá: ẹ ṣí omi rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún.
Ó fọwọ́ sí i láìkà á.
Bàbá Láníhun, tí kò mọ̀wé, ló ní kí n kà á fún òun,
lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka ọwọ́ ṣírò rẹ̀.

Mo kọjá níbẹ̀ ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mi ò yà.
Fèrèsé yàrá kẹrìnlá ṣí sílẹ̀.
Mo gbọ́ ọ láti títì,
ohùn bí òjò tó rọ̀ sílé ẹnìkan ṣoṣo:
bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ nímú,
ó ń jẹ́ kí omi lọ.