Rírán

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lédè wa:
mo rán aṣọ,
mo rán ọmọ níṣẹ́.
Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Tudun Wada, ní Kàdúná,
n kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kejì
àfi Alàmísì tí mo rán Ishaku, ọmọ iṣẹ́ mi, ní bọ́tìnnì.

Bọ́tìnnì mẹ́jọ, aláwọ̀ eérú,
fún káfútàánì ọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé.
Mo ní, "Gun ọ̀kadà, kí o lè tètè dé."
Ó tètè lọ.
Ọlọ́pàá ló kó bọ́tìnnì náà wá fún mi nínú ọ̀rá.
Méje ni mo kà.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi mọ́.
Mà á wọn èjìká oníbàárà, mà á gbàgbé iye rẹ̀ kí n tó rí báírò.
Àlùmọ́gàjí á máa gbọ̀n bí ewé dogonyárò nínú ọyẹ́.
Aago méjì òru, àyà mi á máa lù kìkì,
bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ dárúkọ.
Múníratù á ní, "Kí ló dé?"
Èmi á ní, "Ooru ni."
Ooru, nínú oṣù Kejìlá, ní Kàdúná!

Àfáà ṣàdúrà fún mi. Àdúrà náà dùn, mo ṣe àmín.
Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ọ̀fà: "Ọkùnrin ni ọ́, gbé e mì."
Mo gbé e mì.
Ó há.

Múníratù ló fà mí lọ́wọ́ dé ọsibítù kan ní Barnawa,
yàrá kan lẹ́yìn ibi tí àwọn ìkókó ti ń gbabẹ́rẹ́.
Mo rò pé wèrè nìkan ló ń wọ ibẹ̀.
Àga rọ́bà méjì ni mo bá, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá,
àti obìnrin ará Kafanchan kan, Màmá Rifkatu.
Òwú dúdú ló fi di apá awò ojú rẹ̀ tó kán;
ẹni tó dì í kò mọ kókó ta.

Kò wàásù fún mi.
Ó bi mí ní Haúsá pé, "Níbo lára rẹ ló wà?"
Mo fọwọ́ kan ọ̀fun.
Mo lanu. Ṣùgbọ́n Haúsá tí mo fi ń nájà,
tí mo fi ń bú àwọn ajẹgbèsè,
kò síbi tí mo lè tẹ́ òkú ọmọ sí nínú rẹ̀.
Ó ní, "Sọ ọ́ ní Yorùbá."
Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá ni?"
Ó ní, "Rárá. Ìwọ gbọ́ ọ."

Mo bá sọ ọ́.
Èmi ni mo rán an. Èmi ni mo rán an.
Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ,
omi ojú mi sì ń kán sórí téèpù
tí mo gbàgbé sọ́rùn láti ṣọ́ọ̀bù.
Kò wo aago. Kò ní kí n dákẹ́.

Alàmísì mẹ́sàn-án nìyí.
Kì í fa nǹkan ya. Bí èmi náà ti ń ṣe aṣọ tí rírán rẹ̀ wọ́,
ó ń fi ẹnu abẹ tú u, ojú abẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn:
ta ló wa ọ̀kadà? Ta ló wa tírélà?
Ta ló mọ ohun tí títì ń gbèrò?
N kò tíì dá ara mi láre.
Ó ní kò sí ìkánjú.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sùn di àsùbáà.
Lánàá, n kò fojú kan oorun.

Bọ́tìnnì méje náà wà nínú agolo mílíìkì, lẹ́bàá ẹ̀rọ mi.
Ní Alàmísì tó kọjá, mo ní kí Màmá Rifkatu bọ́ awò ojú rẹ̀ fún mi.
Mo tú òwú játijàti yẹn, mo ta òmíràn sí i.
Ọwọ́ mi gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.
Kókó náà mú.