Igba Ó Lé Méjìlá

Ẹni tó rí wa ní Ìjàpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn
béèrè bóyá onílé ló lé wa jáde.
Bọ́ọ̀sì tó ń kó ọmọ iléèwé tẹ́lẹ̀ rí,
orúkọ iléèwé náà ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà tí mo kùn ún,
a tú gbogbo àga rẹ̀, ó ku méjì iwájú.
Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń jà sí ojú fèrèsé
ni tìmùtìmù wà báyìí, kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ.
Sítóòfù kan, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, iṣu mẹ́rin,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi nínú agolo mílíìkì,
òróró orúnkún tìrẹ, Morẹ́nikẹ́,
tí gbogbo ọkọ̀ fi ń rùn bí ilé ìwòsàn.

Tóyọ̀sí pariwo láti Kánádà lórí fóònù:
"Ẹ̀yin méjèèjì! Nínú bọ́ọ̀sì! Lábẹ́ òkè!"
Ìwọ lo dá a lóhùn:
"Àgbà tí kò bá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sin ín."
O pa fóònù. O ní kí n tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

Wọ́n sá kòkó sétí títì.
Òkè Ìdànrè kò yọ lẹ́ẹ̀kan náà,
mo kọ́kọ́ rò pé òjò ló ṣú.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì,
ẹfun ni mo fi ń ya òkè yìí sára bọ́ọ̀dù,
n kò gùn ún rí.
Ẹsẹ̀ òkè gan-an ni mo ti jẹ́wọ́ fún ọ.
O rẹ́rìn-ín títí o fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

Àtẹ̀gùn náà lé ní ẹgbẹ̀ta.
Ní igba ó lé méjìlá, èémí mi kọ̀.
Èmi tí mo ti ń sọ láti Àkúrẹ́ pé
"Rọra, orúnkún rẹ, rọra."
O kọjá lára mi, igi ìtilẹ̀ rẹ ń ro kọ́, kọ́, kọ́.
Mo jókòó, mò ń wo ìró rẹ tó ń kéré sí i.
O ń ké nọ́ńbà sí mi nísàlẹ̀:
"Ọ̀ọ́dúnrún!"
Ó pẹ́.
"Irinwó!"
Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.
Ẹ̀rù bà mí bí ẹ̀rù ti ń ba ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tètè dé láti oko.
Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sọ̀ kalẹ̀, ó ní,
"Bàbá, màmá yín wà lókè. Wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Nígbà tí o dé, o kọ̀ láti sọ ohun tí o rí.

Òjò rọ̀ lóru. Omi ń sáré lára àpáta
bí ẹni tó ń da ìrẹsì sínú abọ́ láìdáwọ́ dúró.
Ọdún mọ́kànlá tí a ti ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀,
ìhanrun mi la fi ṣe àwáwí.
Kì í ṣe ìhanrun.
Ṣùgbọ́n lórí tìmùtìmù tí kò ju ilẹ̀kùn lọ,
ìbínú kò rí ibi na ẹsẹ̀ sí.
Orúnkún rẹ kàn mí lẹ́yìn, ó gbóná, ó ń rùn òróró.
"Akíntádé," o wí,
kì í ṣe Bàbá Tóyọ̀sí, kò sí "ẹ" nínú rẹ̀,
"ṣé o ti sùn?"
N kò tíì sùn.
"Òkè ló wà lẹ́yìn òkè," o wí. Ìyẹn nìkan.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba igi ìtilẹ̀ rẹ.
O jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ò ń bẹ iṣu,
o ní kí n máa ké kí o lè mọ̀ pé mo wà láàyè.
Mo dé ibi àná. Mo dúró. Mo gbé ẹsẹ̀ kan.
"Igba ó lé mẹ́tàlá!"
Ẹyẹ ló kọ́kọ́ fò.
Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ, láti ìsàlẹ̀ jíjìn:
"Mo gbọ́. Iṣu ti fẹ́ jinná."