Ẹṣin Ń Mu Omi

Gálọ́ọ̀nù epo kan ni mo dà sínú jẹnẹrétọ̀,
ọ̀gá olè yìí ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.
Koríko ń mì. Eruku ń sún bọ̀ lókèèrè.
Ẹṣin mu omi,
ó tún mu omi.

"Ẹ dá owó wa padà!" Múfútáù ló kọ́kọ́ pariwo.
"Ẹ ní gbogbo ìlú ló ń sá fún un,
ìbọn ẹyọ kan ló yìn láti ìrọ̀lẹ́,
ó tún tàsé!"

Sínótù ní kó jókòó, orí rẹ̀ ń dí òun lójú.
"O ò rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lára ife?
Ẹ̀rù ń ba olè náà."

Àwọn ọmọ Òkè-Pósù ti bá bọ́ọ̀lù lọ.
Bàbá Ọdúnúga ò sọ nǹkan kan
títí aṣọ funfun ara ògiri fi ṣókùnkùn.

"Bí mo ṣe ń jókòó lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ nìyẹn,
láti ìdájí títí oòrùn á fi mú,
ẹja kan ò ní gbé ìwọ̀ mì.
Ta ló sanwó wá wò mí rí?"

Ó fi igba náírà sórí tábìlì:
"Lọ́la, ẹ tún un gbé sí i."

Mo mi kéègì epo.
Kò dún.