Bẹ́ńṣì Méjìdínlógójì

Ọjọ́ tí òfin náà wọ Kétu, igi ni mo ń fá.
Rédíò ló gbé e wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni:
pé wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Àjàṣẹ́,
pé láti òní lọ, owó ìjọba
kò ní jókòó sójú kan dè wá mọ́.
Ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò máa tọ̀.
Ibi tí ọmọ bá wọ̀, owó a wọ̀ ọ́.
Òbí ni yóò yàn.

Mo gbọn èérún igi kúrò lẹ́sẹ̀.
Mo ní, ó dáa. Ta ni wọ́n ní kó yàn tó bínú?
Ìyá Máàsẹ̀lì ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà,
kò gbójú sókè:
"Ẹni tó ní ọ̀nà méjì níwájú ló ń yàn.
Àwa tí a ní ẹyọ kan, rírìn là ń rìn ín."

Dirẹ́tọ̀ Laléyẹ ti gbéṣẹ́ bẹ́ńṣì fún mi
fún ilé-ìwé ìjọba Ìdí-Ayán,
méjìdínlógójì, igi afàrà gidi,
ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó san ti méjìlá. Ó ní ìyókù ń bọ̀.
Ó ń bọ̀ lóòótọ́.
Ó dé oríta, ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n forí lé ìgboro,
ó yí padà, ó bá wọn lọ.

Ìgboro ni ilé-ìwé alájà méjì wà,
tó ní géètì, tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí ọ̀rá ṣì wà lára wọn.
Ọmọ ẹni tó ní alùpùpù lọ.
Ọmọ tísà wa gan-an lọ.
Ọmọ olórí àdúgbò, ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù
lọ́jọ́ tí a ṣí kíláàsì kẹta, òun náà lọ.
Bẹ́ńṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin,
kò lè tọ owó dé ibì kankan.

Mo ní, ṣebí Ìlárá wà lọ́hùn-ún,
ìbátan bàbá mi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀,
wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni,
a kò sì tíì yé jọ sin òkú wa pọ̀.
Akọ̀wé mẹ́rì wo ìwé, ó wò mí:
"Yíyàn kì í ré okùn aṣọ́bodè kọjá."

Òfin ń san owó ilé-ìwé. Kì í san owó sẹ́mì.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sefa lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀, fún orí kan.
Ọmọ méjì tó ti tó ilé-ìwé lọ ni mo bí.
Òfin ní kí n yan ilé-ìwé.
Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán lórí pákó,
ọmọ ni mo yàn.

Máàsẹ̀lì jókòó lẹ́yìn sẹ́mì, ó ń yan bí ọmọ ọba.
Ìdòhú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yán.
Yàn. Yan. Yán.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójú ẹni tí kò ka àmì.

Kí n má purọ́: alájà méjì yẹn ránṣẹ́ pè mí.
Mo kan ogún bẹ́ńṣì fún wọn,
wọ́n sanwó kí oòrùn tó wọ̀.
Òun ni mo fi ń san sẹ́mì.

Mọ́kànlá ni wọ́n kù ní kíláàsì Ìdòhú.
Lálẹ́ àná ó jókòó tì mí,
ó ń fi lẹ́ẹ̀dì mi ha etí pákó.
"Bàbá, èmi náà ń yàn o.
Ní Mọ́ńdè mo yan ti ẹ̀bá fèrèsé.
Lánàá mo yan ti ẹ̀yìn pátápátá, mo na ẹsẹ̀.
Ṣùgbọ́n èyí tí mo yàn lónìí, ó ń mì."

Ilẹ̀ mọ́, mo mú òòlù, mo rìn lọ síbẹ̀.
Ìlà kẹrin, lápá òsì. Ara àwọn tí a kò tíì san.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀,
mo kan ìṣó méjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀,
mo dá a dúró, mo jókòó lé e,
èmi àti gbogbo ìwúwo ara mi.
Kò mì.