Onílé Lójú

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi nu ilẹ̀ Yunifásítì,
láti aago mẹ́rin ìdájí títí ojúmọ́ á fi mọ́ kedere,
ní Sheffield yìí, tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí Abẹ́òkúta,
àmọ́ tí èéfín irin ti pa òkúta tirẹ̀ láró.
Ìdọ̀tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo fi dá a mọ̀.
Àwọn onímọ̀ òfin a máa da kọfí sílẹ̀,
àwọn onímọ̀ ìṣirò a máa ya bébà wẹ́wẹ́.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì kí lẹ́tà tó dé ilé ìpàdé wa ní Burngreave.
Wọ́n fẹ́ bá wa dòwò pọ̀, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn wa,
kí àwọn ọmọ wọn lè kọ́ nípa ẹ̀tanú àwọ̀
lẹ́nu àwọn tó ti jẹ lára.
Winsome Tulloch kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó ní, "Wọ́n tún ti dé."
Wọ́n ti wá rí, lọ́dún tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò.
Wọ́n fi ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ wa, wọ́n jẹ bisikí wa,
wọ́n gboyè.
Òrùlé ṣì ń jò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mẹ́rìnlá wọlé pẹ̀lú òjò lára kóòtù.
Rhiannon, ọmọ Wales, onírun pupa bí epo,
bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi.
Mo ní, Ìbíyẹmí.
Ó gbé e, ó ṣubú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un gbé.
Ẹ̀ẹ̀meje. Mi ò bá a gbé e rárá.
Ní ìgbà kẹjọ, orúkọ mi jókòó sí i lẹ́nu.

Abdirisaaq tó ń wa takisí sọ nípa òkò
tí wọ́n sọ lu fèrèsé rẹ̀ lóṣù kẹjọ.
Kò gbóhùn sókè. Ó ní kì í ṣe gíláàsì ló dun òun,
aládùúgbò tó yọjú, tó sì fa kọ́tìnì ni.
Ọmọkùnrin kan ń wo bàtà ara rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá mi náà a máa fa kọ́tìnì."
Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.
Kò sí nínú ìwé tí Dókítà Harkness pín.

Nígbà tó kàn mí, èmi ni mo bi wọ́n:
ta ló ń nu pátákó yín?
Ta ló ń da ìdọ̀tí yín nù kí ẹ tó jí?
Ọmọ mẹ́rìnlá, ọdún mẹ́ta, wọn ò mọ orúkọ ẹyọ kan.
Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Mo ní, ti àlejò kéré.
Onílé ńkọ́?

Dókítà mú ìwé àdéhùn wá kí á tọwọ́ bọ̀ ọ́.
Winsome fa gègé yọ, ó kọ̀wé sí etí rẹ̀:
àwa la ni ohùn wa.
Òrùlé.
Kí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà láíbìrì yéé béèrè káàdì
lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ Ìbíyẹmí nìkan
láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún.
Dókítà kà á, ojú rẹ̀ pọ́n.
Ó ní òun ó gbé e lọ sókè.
Òkè pọ̀ ní ìlú yìí.

Oṣù Kejìlá, wọ́n ti gba máàkì wọn tán.
Èmi nìkan ni mò ń to àga
nígbà tí Rhiannon ti ilẹ̀kùn wọlé, imú rẹ̀ pọ́n fún òtútù.
Ó ní òun jí ní aago mẹ́rin òní,
òun lọ dúró ní kọ́rídọ̀.
"Letebrhan lorúkọ rẹ̀. Ará Asmara ni."
Ó pè é geere.
Mo ní, ẹ̀ẹ̀melòó lo fi gbé e?
Ó ní, mọ́kànlá.
Mo na àga kan sí i pé kó bá mi tò ó.
Lókè orí wa,
omi kan kán sínú garawa.