Èyí Tó Ń Yí

Ọjọ́ kẹta Iléyá, èmi àti bàbá mi
jókòó sábẹ́ páànù tó ti ń kan ọkọ̀, létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Èérún igi ń bọ́ sẹ́sẹ̀ wa bí ìpẹ́ ẹja.
Ó ní, "Mùnírù, ọdún kẹfà rèé níbi iṣẹ́ ńlá yẹn.
Fi èyí tí o ṣe hàn mí."

Mo gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.
Òrùka kékeré kan yọ, ó ń yí, ó ń yí,
irú èyí tó máa ń yí kí ohun tí a ń wá tó jáde.
"Èyí tó ń yí yìí ni."
"Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"
"Rárá o. Yíyí rẹ̀ nìkan. Àwa mẹ́rìnlá la jọ ṣe é."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Ìwọ lo wá ń dá mi dúró láti ọjọ́ yìí!"

Mi ò bú wọn o. Owó wọn kì í pẹ́,
ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń múni wọ súwẹ́tà lóṣù Ẹrẹ́nà.
Orúkọ wọn ni mo fi fẹ́yàwó:
àna mi ò tiẹ̀ bèèrè ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀.
Àmọ́ mo kọ àbá kan lọ́dún kẹta,
ó ń gun àkàbà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá,
títí dòní kò tíì sọ̀ kalẹ̀.
Ìpàdé la fi ń mọ ọjọ́ tí a ó tún pàdé.
Mo sì ti fọwọ́ síwèé: ohun tí mo bá rò,
kódà lórí ibùsùn mi, tiwọn ni.

Sẹ́mìù tí a jọ kàwé háyà yàrá kan ní Ayétòrò.
Ó jẹ gbèsè. Wọ́n já iná rẹ̀ lóṣù tó kọjá.
Ṣùgbọ́n lọ́jà Olúwo, àwọn alájàpá ẹja ń sọ pé,
"Ẹ tẹ Sẹ́mìù wò, ṣé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀?"

Bàbá mi fọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀ tuntun.
"Tí eléyìí bá rì, èmi ni wọ́n máa bú."

Ta ni wọ́n máa bú nítorí òrùka?

Owó oṣù dún nínú àpò mi. Ó gbọ́ ọ.
"Ìyẹn náà dáa," ó ní, kò sì fi ṣẹ̀sín.
Ó na àáké kékeré sí mi, ó ti igi kan síwájú mi.
"Gbẹ́ ibí yìí. Àjẹ̀ ni. Mọ́ńdè ṣì jìn."

Mo gbẹ́ ẹ. Ó wọ́.
Ó ní wọ́n á fi tukọ̀ bẹ́ẹ̀.