Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Òsì

Orí òpó iná ni mo ti já ní Sàbọ̀n Táṣà,
ọwọ́ mi ṣì di ẹ̀mú mú.
Wáyà kan já nínú ọ̀pá ẹ̀yìn mi,
gbogbo àdúgbò ìsàlẹ̀ ìdodo kò ríná mọ́.
Ọdún kẹta rèé. Bí èèrà bá jẹ mí lẹ́sẹ̀,
Ìbídùn ọmọ mi ní í bá mi rí i.

Ládì lẹ rọ́bà pélébé mẹ́rin mọ́ mi lẹ́sẹ̀,
ó ní, "Sánnú, Bàbá Ìbídùn."
Mo rẹ́rìn-ín.
Iná tó gbé mi ṣánlẹ̀ náà lẹ fẹ́ fi gbé mi dìde?
Ó yí bọ́tìnnì díẹ̀,
bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru.
Kò sí nǹkan.
Ó tún un yí.
Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi mì,
bí ìkókó tó ń lálàá.
N kò mọ̀ ọ́n lára. Ojú ni mo fi rí i.

Àfi wìì, wọ́n mú iná lọ.
Ogún ọdún ni wọ́n fi bú mi bí iná bá ti lọ;
lónìí, èmi náà bú wọn.
Ládì sáré jáde lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀.
Ilẹ̀ ń ṣú.
Mo jókòó, mo ń ṣọ́ ìka kan ṣoṣo.